Kí o tó dá hóòsì fákúọ̀mù padà sára XS1100 ẹ

Àbúrò mi kan kọ̀wé sí mi láti Houston, mo gé ọ̀rọ̀ ẹ̀ kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra Yamaha XS1100 ọdún 1979 lọ́wọ́ bàbá òyìnbó kan ládùúgbò mi, ó ti wà nínú gáréèjì ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ó ń stáàtì dáadáa, kì í kú lórí síló, àmọ́ tí mo bá dé ojú fíríwèè tí mo rọra di tírótù mú jẹ́jẹ́, ṣe ló máa ń wúwo bíi pé mo gbé àpò sìmẹ́ńtì méjì sẹ́yìn, ó ń mu epo gan-an, ooru ẹ̀ sì ń jó mi lẹ́sẹ̀. Mo ṣí kọ́bà tó wà lápá òsì ẹ́ńjìnì, mo rí agolo pẹlẹbẹ kan tí irin tín-ín-rín ti ara ẹ̀ jáde lọ so mọ́ pélétì kan, àmọ́ kò sí hóòsì lẹ́nu agolo yẹn, ẹnu kékeré kan sì wà lára kábúrétọ̀ tí wọ́n fi rọ́bà àti síkúrù dí pa. Níbo ni hóòsì yẹn ń lọ? Ṣé kí n kàn ra tuntun kí n so ó padà ni?"

Àbúrò, o káre láé tó o béèrè kó o tó fọwọ́ kàn án. Ẹnu kékeré tí wọ́n dí pa lára kábúrétọ̀ yẹn ló ṣeé ṣe kó jẹ́ ibi tí hóòsì ń lọ, màá sọ bó o ṣe máa fi ìka ẹ mọ̀ dájú, kò le rárá. Àmọ́ má tíì so ó. Nínú gbogbo nǹkan tó o kọ, síkúrù yẹn ló gbà mí lọ́kàn. Hóòsì tó bá gbó tó já bọ́ fúnra ẹ̀ kì í fi síkúrù sílẹ̀ lẹ́yìn, ẹnu ibẹ̀ á kàn là gbàgà ni, afẹ́fẹ́ á máa gba ibẹ̀ wọlé. Ẹni tó wá rọ́bà, tó wá síkúrù, tó fi dí i, mọ ohun tó ń ṣe, kì í ṣe òpè. Ó yọ hóòsì yẹn torí pé ó ń sá fún nǹkan kan, èmi sì rò pé mo mọ nǹkan ọ̀hún, wáyà ni. Tó o bá so hóòsì padà láì wo wáyà, àìsàn tí bàbá yẹn gbé pamọ́ ló máa jí dìde sí ẹ lábẹ́ ìdí lójú fíríwèè.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí agolo yẹn ń ṣe, torí àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀kadà nílé, Bajaj àti TVS ni wọ́n mọ̀, inú CDI, àpótí kékeré tó ń darí iná púlọ́ọ̀gì, ni gbogbo ọgbọ́n táímìnì tiwọn wà, ìyẹn ìgbà tí iná máa tàn nínú sìlíńdà, kò sí agolo, kò sí hóòsì, wọn ò rí irú èyí rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti tún Peugeot 504 tàbí ìjàpá Volkswagen ṣe rí á dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí agolo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dísíríbútọ̀ ìjàpá náà nìyẹn, ọgbọ́n ọkọ̀ ni wọ́n gbé wá sórí alùpùpù.

Ẹ jẹ́ ká fi oko sísun ṣàlàyé. Tí koríko oko bá ki tó sún mọ́ra, ṣáná ẹyọ kan péré, kó o tó ṣẹ́jú iná ti dé òdìkejì. Àmọ́ tí koríko bá ṣá, tó dá wà níbí, tó dá wà lọ́hùn-ún, iná á máa fẹsẹ̀ wọ́ láti orí ọ̀kan dé èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni inú sìlíńdà rí. Nígbà tó o bá ṣí tírótù tán pátápátá, epo àti afẹ́fẹ́ máa ń kún inú sìlíńdà bámúbámú, ó ki, ó máa ń jó kíá. Nígbà tó o bá wà lójú títì tó o kàn rọra di tírótù mú, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń wọlé, ó ṣá, ó máa ń jó lọ́ra. Ẹ́ńjìnì tó ń yí ní 3,000 rpm, ìgbà 50 ló ń yí láàárín sẹ́kọ́ńdì kan ṣoṣo, kò ní dúró de iná tó ń fẹsẹ̀ wọ́. Torí náà o gbọ́dọ̀ ṣáná sí i ṣáájú, kí písítìnì ṣì máa bọ̀ lókè lọ́hùn-ún kí púlọ́ọ̀gì ti tàn, kó lè jẹ́ pé ìgbà tí písítìnì bá yí orí padà tó fẹ́ máa lọ sísàlẹ̀ ni agbára iná yẹn máa tì í. Tí iná bá pẹ́ kó tó tàn, písítìnì á ti ń lọ sísàlẹ̀ kí iná tó jó tán, agbára tó yẹ kó ti ẹ síwájú á gba sàlẹ́ńsà jáde ní ooru. Wúwo tó ń wúwo, epo tó ń mu, ooru tó ń jó ẹ lẹ́sẹ̀, ibi kan náà ni wọ́n ti wá.

Nǹkan méjì ló ń yí táímìnì síwájú lára XS1100. Èkíní ni àwọn irin wúwo kékeré méjì tó ní sípíríǹgì, bí ẹ́ńjìnì bá ṣe ń sáré sí ni wọ́n máa ń là síta sí, sísáré nìkan ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ̀ bóyá òkè lò ń gùn ni tàbí ò ń rọra lọ. Agolo fákúọ̀mù yìí, ìyẹn èyí tí ìfà ẹ́ńjìnì ń darí, ni èkejì, òun ló mọ̀ bóyá ẹrù wà lórí ẹ́ńjìnì. Nínú ẹ̀, dáyáfíràmù wà níbẹ̀, rọ́bà pẹlẹbẹ kan báyìí tí sípíríǹgì ń tì. Tí ẹ́ńjìnì bá fa afẹ́fẹ́ lẹ́nu hóòsì, dáyáfíràmù á fa irin tín-ín-rín yẹn, irin á yí pélétì, àwọn pickup méjèèjì tó wà lórí pélétì, kọ́ìlì kékeré tó ń sọ ìgbà tí púlọ́ọ̀gì máa tàn, á yí tẹ̀ lé e, iná á wá tàn ṣáájú. Tó o bá ṣí tírótù gbàgà láti fi sáré kọjá tírélà, ìfà yẹn á dín kù lójijì, sípíríǹgì á dá pélétì padà, kí ẹ́ńjìnì má baà nọ́ọ̀kì, ìyẹn ni kí iná má baà ṣáájú jù kó máa gbá písítìnì. Àwọn ọkọ̀ ayé òde òní ò ní agolo mọ́, sẹ́ńsọ̀ ló ń wọn ìfà yẹn tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ kan náà ni.

Ó dáa, ká wá lọ sórí wáyà.

Ṣé o rí i pé àwọn pickup yẹn ń yí pẹ̀lú pélétì? Ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tó o bá ṣí tírótù tó o tún pa á, wáyà wọn ń tẹ̀, ó ń nà, ó ń tẹ̀, ó ń nà, láti ọdún 1979 títí di ọjọ́ tí wọ́n yọ hóòsì yẹn. Alùpùpù tó ti lé lógójì ọdún! Bàbà inú wáyà á já, àmọ́ rọ́bà tó bò ó lójú ò ní já, torí náà tó o bá fojú wò ó, ó dáa, kò sí nǹkan tó ṣe é. Orí ibi tó já sì ṣì máa ń kan ara wọn nígbà tí pélétì bá wà lójú kan, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí síló. O máa wá jáde sójú títì, fákúọ̀mù á fa pélétì, wáyà á nà díẹ̀ báyìí, orí méjèèjì á pínyà, pickup kan á kú. Pickup kan ló ń bójú tó sìlíńdà 1 àti 4, èkejì ń bójú tó 2 àti 3, torí náà kì í ṣe sìlíńdà kan ló máa lọ, méjì ló máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà, alùpùpù onísìlíńdà mẹ́rin á di onísìlíńdà méjì láàárín fíríwèè. O bá pa tírótù, fákúọ̀mù á lọ, pélétì á padà sílé, wáyà á tún kan ara wọn, sìlíńdà méjèèjì á tún jí bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ rí.

Nígbà tí irú ẹ̀ kọ́kọ́ kàn mí, ojú mi rí màbo. Kábúrétọ̀ ni mo dì mọ́, torí tó bá ti jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá ṣí tírótù ló ń ṣe é, orí kábúrétọ̀ ni ọkàn gbogbo wa máa ń lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú kábúrétọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fọ jẹ́ẹ̀tì, mo pààrọ̀ rọ́bà, oníkẹ̀kẹ́ ń sanwó, alùpùpù ń kú. Níjọ́ kan ni hóòsì fákúọ̀mù yẹn ṣàdédé bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò tètè rí i, mo gùn ún jáde láti dán an wò, àṣé ó ti gbádùn, kò kú mọ́. Mo yọ̀ títí, mo ti fẹ́ gbé bílì fún oníkẹ̀kẹ́ kí n tó wolẹ̀ rí hóòsì tó ń fì dirodiro. Àárín ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni mo lè dí ẹnu ẹ̀ pa kí n ní mo ti tún un ṣe, ẹni tó dí tìẹ náà sì rèé, ibẹ̀ ló dúró sí.

Torí náà ohun tó o máa kọ́kọ́ mú jáde ni mítà, kì í ṣe súpánà. Tọ wáyà àwọn pickup títí dé ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn wà, tú u, yí mítà sí ohm, wọn pickup àkọ́kọ́, wọn èkejì. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ sún mọ́ra gan-an torí ìbejì ni wọ́n, tí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ fíofío tàbí tí mítà ò bá ka nǹkan kan rárá, o ti rí i nìyẹn. Tí méjèèjì bá dọ́gba má tíì yọ̀ o, torí ó ń ṣiṣẹ́ lórí síló ná, ó di dandan kó dọ́gba nígbà tí pélétì bá wà nílé. Fi mítà sílẹ̀ lórí ẹ̀, kó o wá fi ìka rọra yí pélétì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ibi tó lè yí dé, rọra ṣe é, máa wo ojú mítà. Nọ́ńbà ò gbọdọ̀ mira. Tó bá fò, kódà ẹ̀ẹ̀kan, wáyà ti já nínú. Lẹ́yìn ìyẹn mú wáyà kọ̀ọ̀kan lẹ́yọ lẹ́yọ níbi tó ti jáde lára pickup, fà á jẹ́jẹ́ láàárín ìka méjì. Wáyà tí bàbà ẹ̀ wà níṣọ̀kan kì í nà. Èyí tó bá ń nà bíi rọ́bà ìdirun lọ́wọ́ ẹ, rọ́bà nìkan ló kù níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lọ gé wáyà iná ilé o, èmi ti rí i tí wọ́n fi ṣe é, kò pé oṣù mélòó kan ó tún já, torí ìṣù bàbà inú ẹ̀ nípọn, kò lè fara da títẹ̀. Wáyà tó o fẹ́ ni èyí tí rọ́bà ẹ̀ jẹ́ sílíkónì, tí bàbà inú ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, tó pọ̀ yamùyamù nínú, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe okùn mítà tàbí tí àwọn tó ń fi mọ́tò ìṣeré oníbátìrì díje ń lò. Ó rọ̀ bí òwú. Gé wáyà àtijọ́ nítòsí pickup níbi tí bàbà ẹ̀ ṣì mọ́ tó ń dán, fi lẹ́ẹ̀dì jó tuntun mọ́ ọn, fi rọ́bà tó ń súnkì bò ó. Gbọ́ o, ibi tó o fi lẹ́ẹ̀dì jó yẹn ti le, kò lè tẹ̀ mọ́, tí ibẹ̀ bá wá bọ́ sí ibi tí wáyà ti ń tẹ̀ á tún dá. Jẹ́ kó dúró sí apá ibi tí kò ti ń mira, dè é mọ́ pélétì kó máa yí pẹ̀lú pélétì, kó o wá fi wáyà tó dẹ̀ díẹ̀, bí ìlàjì òrùka, sílẹ̀ kó tó kúrò lórí pélétì lọ sára ẹ́ńjìnì. Ìlàjì òrùka yẹn ló máa máa tẹ̀, wáyà ò ní nà mọ́. Wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kó o pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kódà tó bá jẹ́ ọ̀kan péré ló já, torí ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí gbogbo wọn. Kọ kọ́lọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kó o tó gé e, tàbí kó o ya fọ́tò, tó o bá ṣe wọ́n lódìlódì wàhálà tuntun lo dá sílẹ̀.

Nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí, wo agolo náà. Ọ̀gá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìbàdàn, 504 àti ìjàpá ló máa ń kún ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, kò ní géèjì kankan, ẹnu ẹ̀ ni géèjì. Á fi hóòsì tó mọ́ sẹ́nu agolo, á fà á, á wo pélétì bó ṣe ń rìn, á wá fi ahọ́n dí hóòsì, á máa ka orí dáadáa nínú ọkàn ẹ̀. Tí pélétì bá dúró síbi tó fà á dé, dáyáfíràmù wà láàyè. Tó bá ń rọra padà sílé, ó ti lu. Ìwọ náà lè ṣe é, hóòsì tuntun tí epo ò kàn rí ni kó o fi sẹ́nu o, má gbé èyí tó ti wà lára kábúrétọ̀ sẹ́nu. Tó ò bá fẹ́ fẹnu fà á, ọ̀nà míì wà, fi ọwọ́ yí pélétì síwájú, fi ìka dí ẹnu agolo pa, kó o wá jọ̀wọ́ pélétì. Tí agolo bá dáa, pélétì á fẹ́ padà àmọ́ kò ní lè padà tán, á há síbẹ̀ títí o fi máa yọ ìka ẹ. Dáyáfíràmù tó lu burú ju èyí tí wọn ò so lọ, torí tó o bá so ó, afẹ́fẹ́ tí kábúrétọ̀ ò retí á máa gba ibẹ̀ wọlé, sìlíńdà tó wà nídìí kábúrétọ̀ yẹn á máa jó gbẹ, púlọ́ọ̀gì ẹ̀ á funfun.

Nígbà míì agolo á dáa, pélétì ló máa dógùn-ún. Bàbá yẹn ti gbé e sílẹ̀ tipẹ́, láti ìgbà tó sì ti yọ hóòsì, pélétì ò tíì rìn rárá. Ó gbọ́dọ̀ yọ̀ lọ, kó yọ̀ bọ̀, láì há, láì fì sókè sódò. Tó bá le, fọ̀ ọ́, nu ún gbẹ, fi gírísì tín-ín-rín bí orí abẹ́rẹ́ sí ibi tó ti ń yí, ìyẹn ti tó, gírísì tó bá pọ̀ á fọ́n ká inú kọ́bà. Wo irin tín-ín-rín náà bóyá kílíìpù tó dè é mọ́ pélétì ṣì wà níbẹ̀, mo ti rí èyí tí wọ́n fi wáyà lásán so. Àwọn irin wúwo méjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, fi ọwọ́ yí wọn síwájú, jọ̀wọ́ wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ ta padà gbì. Tí wọ́n bá ń fà, tí wọ́n ń lọ́ra padà, síló ẹ á máa ga nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná, o ò ní mọ ìdí ẹ̀.

Hóòsì wá kàn.

Ẹnu tó ń fa afẹ́fẹ́ pọ̀ lára alùpùpù yìí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Àwọn kan wà lára rọ́bà manifold tó wà láàárín kábúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnì, àwọn wọ̀nyẹn wà fún táàpù epo, torí fákúọ̀mù ló ń ṣí táàpù epo XS1100, àti fún géèjì tí wọ́n fi ń mú kábúrétọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Ìfà máa ń wà lẹ́nu wọn nígbàkígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, kódà lórí síló ìfà ọ̀hún le gan-an. Ẹnu tí táímìnì fẹ́ yàtọ̀. Ara kábúrétọ̀ gan-an ló wà, wọ́n sì lu ihò ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìlẹ̀kùn tírótù ń dé tí wọ́n bá pa á, sí apá tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé bọ̀. Tí ìlẹ̀kùn bá wà ní pípa, ihò yẹn wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ìfà ẹ́ńjìnì ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ṣí tírótù díẹ̀, etí ìlẹ̀kùn á kọjá ihò, ìfà á dé ibẹ̀ lójijì.

Bó o ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa, gbé e sórí síló, yọ síkúrù yẹn, fi ìka dí ẹnu kékeré náà. Lórí síló ìka ẹ ò gbọdọ̀ mọ nǹkan kan, tàbí kó jẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. Fi ọwọ́ kejì ṣí tírótù díẹ̀. Tí ẹnu yẹn bá gbé ìka ẹ mọ́ra bí ọmọ tó ń mu ọmú, òun náà nìyẹn. Tó bá ti ń fa ìka ẹ gidigidi láti orí síló, ẹnu manifold ni, má so agolo mọ́ ọn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé ìfà ṣáà ni ìfà. Rárá o. Tó o bá so ó mọ́ manifold, pélétì á ti yí síwájú tán lórí síló, síló á ga sókè, wàá wá fi síkúrù tírótù rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, wàá rò pé o ti tún un ṣe. Ìgbà tó o bá dé iná tíráfíìkì tó o ṣí tírótù lójijì, ìfà á já, táímìnì á padà sẹ́yìn nígbà tó o nílò ẹ̀ jù, alùpùpù á kọ́kọ́ pòfo kó tó gbéra. Ohun tó jọ èyí ni mo rí lára ìjàpá tí wọ́n yọ dísíríbútọ̀ onífákúọ̀mù ẹ̀ tí wọ́n gbé 009 Bosch sí tí kò ní fákúọ̀mù rárá, ó dára fún sísáré, àmọ́ tí wọ́n bá tẹ ẹ́ láti ojú kan, á kọ́kọ́ ronú ná. Àwọn kan á tún fi T pín hóòsì táàpù epo kí wọ́n lè rí ẹnu fún agolo, ìyẹn ni mi ò fẹ́ rí rárá. Yàtọ̀ sí pé ìfà manifold ni, dáyáfíràmù táàpù epo náà ti dàgbà, ọjọ́ tó bá lu, inú hóòsì yẹn ni epo máa gbà, á wọnú agolo, á jẹ dáyáfíràmù ẹ̀.

Hóòsì fákúọ̀mù gidi ni kó o rà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ara ọkọ̀, èyí tí ara ẹ̀ nípọn tó sì há mọ́ ẹnu méjèèjì ṣinṣin. Mú agolo dání lọ síbẹ̀ tó bá ṣeé ṣe, má gbára lé ojú. Má lo hóòsì funfun tó ń dán, irú èyí tó wà nínú àpótí ẹja, ooru ẹ́ńjìnì àti oòrùn Texas á mú un rọ̀, tí ìfà bá dé á lẹ̀ mọ́ra nínú, agolo ò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Kò gbọdọ̀ kan sàlẹ́ńsà, kò gbọdọ̀ ṣẹ́ níbi tó ti yí kọ́nà, má jẹ́ kó gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Táímìnì láàtì, iná tó ń ṣẹ́jú nígbàkígbà tí púlọ́ọ̀gì bá tàn, ló máa sọ òótọ́ fún wa ní ìparí. Wọ́n ń yá wọn ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ara ọkọ̀ níbí, o ò tiẹ̀ nílò láti rà á. Gbé e mọ́ wáyà púlọ́ọ̀gì sìlíńdà 1, ẹ́ńjìnì gbígbóná, yọ hóòsì lẹ́nu agolo kó o fi nǹkan dí hóòsì pa. Lórí síló, àmì táímìnì tí láàtì ń tàn sí gbọ́dọ̀ wà níbi tí ìwé alùpùpù rẹ sọ, ìwé ọdún tìẹ gan-an ni kó o wò, má lo ti ẹlòmíì. Ṣí tírótù, àmì á rìn, iṣẹ́ àwọn irin wúwo nìyẹn. Dá a padà sórí síló, fa agolo pẹ̀lú hóòsì tó mọ́, àmì tún gbọ́dọ̀ rìn láì jẹ́ pé tírótù ṣí, ẹ́ńjìnì náà á yí ohùn padà díẹ̀. Yí láàtì sí wáyà sìlíńdà 2, kó o tún wò ó, torí pickup kejì ló ń tan ìyẹn, ibẹ̀ sì lo ti máa rí i bóyá wáyà tó o jó dáa. Tí láàtì bá ń fo ìlù, tó ń tàn tó ń kú nígbà tí pélétì bá ń rìn, padà sídìí mítà. Ìgbà tí gbogbo ìyẹn bá ti pé ni kó o so hóòsì.

Má fi fíríwèè bẹ̀rẹ̀. Lo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé tó tẹ́jú, jẹ́ẹ́rẹ́, gíà ńlá, di tírótù mú lójú kan ṣoṣo. Ó yẹ kó fúyẹ́ lábẹ́ ẹ ju tẹ́lẹ̀ lọ. Máa tẹ́tí sí i: tó o bá gbọ́ ohùn bíi ti ẹ̀wà gbígbẹ nínú agolo mílíìkì nígbà tó o bá ń rọra lọ, ẹ́ńjìnì ń nọ́ọ̀kì nìyẹn, pa tírótù. Ra epo tí octane ẹ̀ ga, 91 tàbí 93, dán an wò. Tí ohùn yẹn bá lọ, inú sìlíńdà lè ti kún fún èédú, tí kò bá lọ, padà lọ wo àmì lórí síló, ó lè jẹ́ pé ẹni tó yọ hóòsì yẹn ti fọwọ́ yí pélétì pickup síwájú láti fi rọ́pò ohun tó sọnù. Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Táímìnì tí wọ́n ti fọwọ́ yí síwájú, tó o tún wá so fákúọ̀mù mọ́ ọn, ìlọ́po méjì ni, orí písítìnì lè lu.

Tó bá ṣẹlẹ̀ pé agolo ẹ lu, tó ò tètè rí òmíràn, dá rọ́bà àti síkúrù bàbá yẹn padà síbi tó wà, kó o máa gùn ún. Mi ò fi ẹ̀gún sí i. Àwọn irin wúwo á máa bá iṣẹ́ tiwọn lọ, ẹ́ńjìnì ò ní bàjẹ́, epo díẹ̀ lo máa pàdánù àti ìfúyẹ́ yẹn. Àmọ́ wáyà, ṣe wáyà yẹn ná, kódà tó ò bá ní so hóòsì láéláé, torí èyí tó ti já nínú tó ń kan ara wọn lórí síló, gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n títì nìkan ti tó láti pín in níyà lọ́jọ́ kan.

Tó o bá ti wọn àwọn pickup, kọ nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, ti 1 àti 4 lọ́tọ̀, ti 2 àti 3 lọ́tọ̀, kó o sì sọ fún mi èwo nínú wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló nà.